Nọ́ọ̀tì púlì kiráǹkì tó gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìgbà kajú ni Màmá, oníbàárà wa kan, gbé mọ́tò rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wa lójú ọ̀nà Ìlọrin. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ń ka èyí mọ ohun tí mo ń sọ. Bó bá ti di oṣù kejì, àpò kajú a máa ti oko wọ ìlú, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá wà nílẹ̀ lásìkò yẹn, owó ọdún kan ló ń wò tó ń kọjá lọ lójú rẹ̀. Honda Accord 2001 ni ọkọ̀ náà, èyí tí a ń pè ní Baby Boy, ẹ́ńjìnnì 2.3 oní-píṣítìn mẹ́rin, gíà ọ́tò. Màmá ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kí àpò lè ráyè.

"Ọ̀gá, ó ń jẹ ọ́ìlì," Màmá ní. "Lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń ra lítà kan sí i."

Mo gbé jáàkì sí i, mo yọ táyà iwájú lápá òsì, mo tú pẹlẹbẹ tó bo abẹ́ ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kò jẹ ọ́ìlì rárá, jíjò ló ń jò. Síìlì iwájú kiráǹkì (ọ̀pá tí àwọn píṣítìn ń yí), ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn púlì, ti bà jẹ́, ọ́ìlì ti wọ inú kọ́fà bẹ́líìtì táímìn (bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù àti píṣítìn máa lọ ní ìbámu), ó ti gba ibẹ̀ jáde, ó sì rin ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì gbingbin. Mo bi Màmá ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì náà kẹ́yìn. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ra ọkọ̀ ní tòkunbọ̀, àwọn ò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Àyà mi já. Máìlì 105,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 168,000, tàbí ọdún méje, ni àwọn Honda fi sí bẹ́líìtì yìí, ọ́ìlì sì tún máa ń jẹ rọ́bà rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, bí bẹ́líìtì táímìn bá já lórí eré, fáàfù á sọ mọ́ orí píṣítìn, á tẹ̀. Bó bá já láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ẹrù kajú lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn.

Síìlì àti bẹ́líìtì ló kù ká pààrọ̀. Iṣẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n a kò lè dé ibẹ̀ láìyọ púlì kiráǹkì, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló sì di púlì náà mú. Bóòtù ni, mo mọ̀, àmọ́ nọ́ọ̀tì ni gbogbo wa ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe máa pè é níbí.

Nígbà tí mo tan iná sí i, mo rí i pé ẹlòmíì ti débẹ̀ ṣáájú mi. Orí nọ́ọ̀tì náà, 19 mm, ti fi igun méjì ṣòfò. Ẹ̀gbẹ́ púlì ní ojú ṣéènì tó họ ọ́ yíká.

"Màmá, wọ́n ti fọwọ́ kan nǹkan yìí rí o."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ibìkan ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, ọ̀gá. Wọ́n fi ọjọ́ méjì lù ú. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì míì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tó ń jí lọ sóko láago mẹ́rin ìdájí, kí ẹnìkan wí fún un pé kó lọ ra ẹ́ńjìnnì nítorí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo! Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ gbogbo bó ṣe lọ sílẹ̀, kí ẹni tó bá bá irú rẹ̀ pàdé lè mọ ibi tí yóò gbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú kí nọ́ọ̀tì yìí le tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tì táyà ọkọ̀ yìí kan náà, 108 N·m (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì) ni wọ́n ní ká fún un dé. Ti púlì kiráǹkì, 245 N·m ni. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́, kó ro ó báyìí: fi ọ̀pá tó gùn ní mítà kan sórí nọ́ọ̀tì, kí o wá gbé ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kọ́ sí ìpẹ̀kun ọ̀pá náà. Bí wọ́n ṣe fún un láti ilé iṣẹ́ nìyẹn, nígbà tó ṣì mọ́, tó ṣì ń dán. Lẹ́yìn náà ó lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìmira, ẹ́ńjìnnì ń gbóná, ó ń tutù, omi òjò àti erukutu ń wọ̀ ọ́, ìpata mú abẹ́ orí rẹ̀. Nígbà tó bá tó àkókò àtitú, ó lè bèèrè ìlọ́po méjì agbára tí wọ́n fi dé e, nígbà míì ìlọ́po mẹ́ta.

Wàhálà kejì ni pé kiráǹkì fúnra rẹ̀ máa ń yí. Bí o bá ń tú nọ́ọ̀tì, ẹ́ńjìnnì á máa bá ọ yí lọ. Bó bá jẹ́ gíà ọlọ́wọ́ ni, a lè ki gíà karùn-ún bọ̀ ọ́ kí ẹnìkan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọ́tò kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí epo ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bá ẹ́ńjìnnì jẹ́ nìyí. Àwọn kan á ki ṣísù tàbí sikirudiráfà bọ eyín fúláìwíìlì (àwo eléyín tó wà lẹ́yìn kiráǹkì) kó má baà yí. Alumínọ́ọ̀mù ni ilé gíà tó yí i ká, eyín fúláìwíìlì kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló máa fọ́. Àwọn mìíràn á fi ṣéènì lọ́ ẹ̀gbẹ́ púlì, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣáájú mi ti ṣe. Púlì yìí kì í ṣe irin kan délẹ̀. Irin inú wà, irin ìta wà, rọ́bà ló so wọ́n pọ̀. Bí o bá fi ṣéènì fa ti ìta, rọ́bà ni ò ń yí, nọ́ọ̀tì kò gbọ́ nǹkankan.

Ọjọ́ kìíní, ohun tí gbogbo mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ ṣe ni èmi náà ṣe. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà mú páwà háńdù (ọ̀pá gígùn tí a fi ń yí sọ́kẹ́ẹ̀tì) wá pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá. Mo ní kó dá a padà. Pẹ̀lú bí igun nọ́ọ̀tì náà ṣe wà, sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá á họ ìyókù ni. Dúdú onígun mẹ́fà, èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn táyà, ni mo fi òòlù gbá wọ orí rẹ̀ títí ó fi jókòó. Mo wá pe fọganásà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kó gbé ìbọn atẹ́gùn rẹ̀ wá. Ó ta á fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Nọ́ọ̀tì kò mira. Mo ti fojú sọ́nà fún ìyẹn, nítorí ibi tó wà jìn sínú, a ní láti fi ẹkisitẹ́ńṣàn gígùn sáàárín ìbọn àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹkisitẹ́ńṣàn a sì máa gbé lára ìlù ìbọn náà kó tó dé orí nọ́ọ̀tì. A padà sí páwà háńdù, a ki páìpù bọ̀ ọ́. Igun kékeré tó wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu páwà háńdù náà já pàù. Oní íǹṣì 1/2 ni, kò lè gbà á.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ ṣe ohun kan tí ǹ bá kábàámọ̀ rẹ̀. Bí a ṣe máa ń tú ti Toyota ni pé a ó fi ọ̀pá páwà háńdù sórí nọ́ọ̀tì, a ó fi ìdí ọ̀pá náà ti ilẹ̀ tàbí ti irin abẹ́ ọkọ̀, a ó yọ wáyà iná kí ẹ́ńjìnnì má baà jí, a ó wá ní kí ẹnìkan fọwọ́ kan sítátà fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ́ńjìnnì á yí, ọ̀pá á dúró, nọ́ọ̀tì á tú gbàà. Mo ti fi ṣe ti Camry àti Corolla láìmọye ìgbà. Ọmọ iṣẹ́ ti jókòó sórí sítíárìn, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan kan sọ fún mi pé kí n yọ ọ̀pá náà ná, kí n kọ́kọ́ wo púlì nígbà tó bá yí lófìfo. Mo ní, "Kàn án lẹ́ẹ̀kan."

Ó kàn án. Púlì yí lòdì sí ọwọ́ aago.

Mo ní kó tún un kàn. Lòdì sí ọwọ́ aago náà ni. Mo jókòó sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Toyota máa ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí bí ènìyàn bá kọjú sí púlì rẹ̀, nítorí náà bí ọ̀pá bá di nọ́ọ̀tì mú, kiráǹkì á yí kúrò nídìí rẹ̀, á tú. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Honda àtijọ́, títí kan 2.3 inú Baby Boy yìí, òdì ló ń yí. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣì jẹ́ ti gbogbo ayé, òsì ló ń tú, ọ̀tún ló ń dé. Bí mo bá ti ọ̀pá sí i kí n kan sítátà, dídé ni ń bá dé e mọ́lẹ̀ sí i, tàbí kí orí rẹ̀ já dànù, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú kiráǹkì. Mo rò ó pé bóyá àwọn tó ní kí Màmá lọ ra ẹ́ńjìnnì ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Mi ò lè sọ, mi ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, mo fi epo ìtúpata fún un láti òwúrọ̀, mo ń fi òòlù kékeré gbá orí rẹ̀ láàárín méjì-mẹ́ta wákàtí. Kí n sọ òtítọ́, mi ò gbára lé epo yẹn fún irú nọ́ọ̀tì yìí. Wáṣà àti orí nọ́ọ̀tì bo ojú ihò pátápátá, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di mú sì jìn. Gbígbá tí mo ń gbá a gan-an ló ṣe é ṣe kó ràn mí lọ́wọ́.

Bàbá ajórin tó wà níwájú wa wá bá mi, ó ní kí n jẹ́ kí òun fi iná gáàsì mú un gbóná díẹ̀. Ó wù mí. Iná máa ń tú ohun tí ìpata bá di mú. Ṣùgbọ́n rọ́bà inú púlì kò ju ìka díẹ̀ lọ sí nọ́ọ̀tì, bẹ́líìtì tí ọ́ìlì ti rin wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ́ìlì sì wà káàkiri. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìyẹn ló kẹ́yìn." Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo inú púlì náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá bi mí léèrè, "Kí ni ihò onígun mẹ́fà tó yí nọ́ọ̀tì yìí ká wà fún?"

Ìbéèrè Bàbá ló tú nọ́ọ̀tì yìí. Mo ti ń rí ihò náà láti ọdún tí mo ti ń tú Honda. Mo kàn gbà pé bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn. Ihò náà jẹ́ ibi ìdìmú. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé kiráǹkì á fẹ́ máa yí, wọ́n sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí a lè ki irin onígun mẹ́fà bọ̀ ọ́, kí irin náà di púlì mú láti inú, níbi tí kò ti sí rọ́bà, nígbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń gba àárín irin náà kọjá lọ bá nọ́ọ̀tì. Mo wọn ihò náà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì: 50 mm.

Wọ́n ń ta irin ìdìmú yìí ní ìlú ńlá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo pe gbogbo ẹni tí mo mọ̀, láti Táíkíè dé Sábó, kò sí ẹni tó ní. Mo lọ bá bàbá kan tó ń tún tírélà ṣe. Mo kí wọn, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n máa wá ohun tí mo fẹ́ nínú òkìtì irin àlòkù wọn. Mo mú rúlà dání. Nọ́ọ̀tì ńlá tí mo wọ̀n kọ́kọ́ jẹ́ 46, èkejì 55. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan mo rí ọ̀kan tó ti pupa fún ìpata, ó jẹ́ 50 géérégé. Bàbá kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n tún yá mi páwà háńdù oní 3/4, ẹkisitẹ́ńṣàn rẹ̀, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú 19 tó bá a lọ.

Ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin bá mi fẹ inú nọ́ọ̀tì ńlá náà títí sọ́kẹ́ẹ̀tì fi kọjá láàárín rẹ̀ láìha. Bàbá ajórin jó irin pẹlẹbẹ tó nípọn mọ́ ojú rẹ̀, gígùn rẹ̀ tó àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà, wọ́n jó o yíká níwájú àti lẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bomi sí i, nítorí irin tí a bá fi omi pa iná rẹ̀ lójijì lè fọ́ bíi gíláàsì. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà yẹn. Màmá pè mí lórí fóònù, wọ́n ní àpò mọ́kànlá ń dúró de àwọn ní oko. Mo ní, "Màmá, ẹ fún mi di ọ̀la."

Ọjọ́ kẹta. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ bí a ṣe tò ó, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

Ọkọ̀ wà lórí irin ìgbékọ̀ méjì, a kò fi jáàkì nìkan dá a dúró. Bí o bá dúró lápá òsì ọkọ̀ tí o kọjú sí púlì, iwájú ọkọ̀ wà lọ́wọ́ òsì rẹ. Títú nọ́ọ̀tì yìí túmọ̀ sí pé ọ̀pá tó bá na síwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀. Nítorí náà, mo ki irin ìdìmú bọ ihò púlì, mo na apá rẹ̀ síwájú, mo fi igi àpótí tó nípọn sí abẹ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ lórí ilẹ̀. Bí a bá ti ń tú, púlì á fẹ́ bá wa lọ, apá irin á tẹ igi mọ́lẹ̀, ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò dì í mú. Lẹ́yìn náà sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé, ẹkisitẹ́ńṣàn tẹ̀ lé e, ó yọ síta kọjá ibi tí táyà máa ń wà. Mo gbé irin ìgbékọ̀ kẹta sí abẹ́ ẹkisitẹ́ńṣàn yìí, nítòsí ibi tí páwà háńdù ti mú un.

Irin kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Láìsí i, bí o bá ti tẹ ọ̀pá, ẹkisitẹ́ńṣàn á sọ̀ kalẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì á wọ́, á máa fà kúrò lórí nọ́ọ̀tì, igun tó kù á sì lọ. Pẹ̀lú rẹ̀, ibi tí agbára rẹ lè gbà kò ju ẹyọ kan lọ, yíyí.

Mo ki páìpù bọ páwà háńdù títí gígùn rẹ̀ fi pé mítà kan àti ààbọ̀. Mo wọn kílò 80. Bí mo bá gbé gbogbo ara mi lé ìpẹ̀kun páìpù yẹn, nǹkan bí 1,170 N·m ló máa dé orí nọ́ọ̀tì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún èyí tí wọ́n fi dé e. Mo fi ẹfun fa ìlà kan láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì dé ara púlì. Irin gígùn máa ń lọ́ díẹ̀ kí nọ́ọ̀tì tó mira, ó sì máa ń tan ènìyàn jẹ pé ó ti tú. Ìlà ẹfun kì í parọ́. Mo ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má dúró síbi tí páìpù lè fò sí.

Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, mi ò já lé e. Apá irin ìdìmú jókòó sórí igi, igi ké ràkọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìlà ẹfun ṣì gún régé. Mo wá gbé ara lé e, ẹsẹ̀ mi kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀.

Gbàà!

Ọmọ iṣẹ́ mi kékeré pariwo pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ti bẹ́. Mo dojú tọ́ọ̀ṣì kọ ìlà ẹfun. Ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ti kúrò lójú ti púlì ní nǹkan bí ìbú ìka kan. Ó ti tú. Mi ò lè ṣàlàyé bí ara mi ṣe fúyẹ́. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó dé ìgbà tó tú, kò tó ogójì ìṣẹ́jú.

Ìyókù kò le. Púlì bọ́ pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Irin kékeré tó máa ń jókòó sínú ihò láàárín púlì àti kiráǹkì wà láìléwu, mo sì dúpẹ́, nítorí bí ìyẹn bá ti jẹ kiráǹkì, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun á di òótọ́. Síìlì ti gan bí egungun. Eyín bẹ́líìtì táímìn mẹ́ta ti ń là ní ìdí. A pààrọ̀ rẹ̀, a pààrọ̀ bẹ́líìtì kejì tó ń yí ọ̀pá tó ń dín ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì kù, nítorí ẹ́ńjìnnì yìí ní bẹ́líìtì méjì níbẹ̀. A pààrọ̀ pọ́ǹpù omi náà, bẹ́líìtì táímìn ló ń yí i, kò sì bọ́gbọ́n mu kí a tún gbogbo rẹ̀ tú lẹ́yìn oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀.

Mi ò dá nọ́ọ̀tì àtijọ́ náà padà. Igun rẹ̀ ti lọ, ẹni tó bá tún un tú lọ́jọ́ iwájú á ṣépè fún mi. A rán ènìyàn sí Àgọ̀dì Gate ní Ìbàdàn, ó bá wa ra òmíràn. Mo nu ojú ihò, mo fi ọ́ìlì díẹ̀ pa ẹsẹ̀ rẹ̀, mo yí irin ìdìmú padà kí apá rẹ̀ na sẹ́yìn ọkọ̀, nítorí dídé ń fẹ́ kí púlì yí sí òdìkejì. Mo fi sípánà oníwọ̀n dé e dé 245 N·m. Àwọn kan máa ń fi ojú díwọ̀n rẹ̀, wọ́n á ní ó ti le tó. Bí kò bá le tó, púlì á máa mì, á máa jẹ irin kékeré yẹn, á jẹ ihò ara kiráǹkì, ọjọ́ kan á bọ́ lójú ọ̀nà.

Màmá dé ní ìrọ̀lẹ́. Mo tan ọkọ̀ náà, mo fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo tẹ́ páálí funfun sábẹ́ rẹ̀. Páálí náà funfun bó ṣe wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan páálí náà fúnra wọn, wọ́n ní, "Ọ̀gá, kò sí nǹkankan níbẹ̀ lóòótọ́." Wọ́n wa ọkọ̀ wọn lọ sí oko láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Irin ìdìmú náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wa. A ti tún fi tú ti Odyssey kan oní-V6. Ẹ́ńjìnnì ìyẹn, bí ọwọ́ aago ló ń yí, àmọ́ ihò onígun mẹ́fà rẹ̀ kò yàtọ̀, 50 mm. Mo ti fi kun pupa kọ ọ́ sí ara irin náà, nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́: *Kọ́kọ́ wo ibi tó ń yí sí.*